*ILÉ TÍ KÒ BÁ ṢÍLẸ̀KÙN FÚN NỌ́Ọ̀SÌ, Ẹ MÁ FI ÈÈYÀN YÍN SÍBẸ̀*

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín láti Ilé-Ifẹ̀ ni. Ìgbà tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ. Ti òní le díẹ̀, ó sì lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn sí ni. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn wà nínú ọgbà àfáà, òmíràn jẹ́ ilé baba oníṣègùn, òmíràn sì kọ "Rehab" gàdàgbà sára ògiri. Ẹbí á kó owó jọ, wọn á gbé aláìsàn wọ mọ́tò lóru kí aládùúgbò má bàa rí i, wọn á fi í lé onílé lọ́wọ́, wọn á sì padà sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, wọn á ní ó rìnrìn àjò.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Mo mọ̀ pé ẹbí tó bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti sun ẹkún. Ẹbí ò fẹ́ ibi fún èèyàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yéni: *ẹ̀wọ̀n kì í ṣe oògùn.* Pàṣán kì í ṣe oògùn. Ebi kì í ṣe oògùn. Ilé tí kò bá ní ju nǹkan mẹ́ta yìí lọ, túbú ni, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Owó tí ẹbí ń san lóṣooṣù ló sì ń gbé túbú náà ró.

*KÌ Í ṢE ÀHESỌ*

Lóṣù kọkànlá ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìwádìí kan jáde nípa Nàìjíríà. Ilé 28 ni wọ́n wọ̀, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Ilé ìwòsàn ìjọba wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ilé àfáà wà níbẹ̀, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú 27 lára ilé 28 yìí, kò sí aláìsàn kan tí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fi í síbẹ̀, kò sì sí èyí tó lè jáde bó bá wù ú. Wọ́n rí àwọn tí wọ́n fi irin so mọ́ nǹkan wúwo, àti àwọn tí wọ́n so mọ́ ara wọn, ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọn kì í fún aláìsàn lóúnjẹ títí dé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ààwẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Òkè Ọya nìyẹn. Lóṣù kọkànlá ọdún 2019 yẹn kan náà, ní Òjòó n'Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe. Mọ́tò tó bá gbéra n'Ifẹ̀ láàárọ̀ á ti dé Òjòó kí oòrùn tó mú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ yìí ja ìjà ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n bá nílé onígbàgbọ́ ni wọ́n bá nílé mùsùlùmí, òun ni wọ́n bá nílé oníṣẹ̀ṣe. Ilé ìjọba náà ò mọ́. Ṣẹkẹṣẹkẹ kò ní ẹ̀sìn.

*OHUN TÍ IRIN Ń ṢE SÍ ARA ÈÈYÀN*

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Irin tó bá wà lọ́rùn ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á kọ́kọ́ bó awọ, lẹ́yìn náà á di egbò, egbò náà á sì máa jinlẹ̀ sí i. Mo ti wẹ irú egbò bẹ́ẹ̀ tí eegun hàn nínú rẹ̀. Egbò tó ń kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò rí ìwẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ tí kò rìn á gbẹ, orúnkún á le, kò ní ṣeé nà mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà, kó rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, kí aláìsàn kú lójijì, kí wọ́n wá ní ayé ló pa á. Ẹni tó ń tọ̀, tó ń yàgbẹ́ síbi tó ti ń jẹun, ìgbẹ́ gbuuru ò jìnnà sí i.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá ò kúrò níbẹ̀. Ńṣe ló ń le sí i. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń gbọ́ ohùn létí, ohùn náà ń sọ fún un pé àwọn èèyàn fẹ́ pa á. Ẹ wá dè é mọ́lẹ̀, ẹ nà án. Ẹ ti bá ohùn yẹn jẹ́rìí nìyẹn.

Oògùn gidi pàápàá lè di pàṣán lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń gún aláìsàn ní Largactil tàbí haloperidol láìwo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, láìmọ ìwọ̀n, kó ṣáà ti sùn. Haloperidol lè mú kí ọrùn ẹlòmíràn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú rẹ̀ yí sókè, kí àgbọ̀n rẹ̀ le. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé oògùn ló fà á, ó sì mọ oògùn míì tó máa tú u láìpẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń fara hàn, á tún fa pàṣán yọ.

Agbo ńkọ́? Èmi ò bú egbòogi. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa ń lò fún wèrè kì í ṣe irọ́. Igi kan wà ní Íńdíà tó bá a tan. Lára rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti yọ oògùn reserpine jáde lọ́dún 1952, wọ́n sì lò ó fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ohun tó bá lágbára tó báyẹn ní ìwọ̀n. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, tàbí bó bá pàdé Largactil nínú ara ẹni tí kò tíì jẹun láti ọjọ́ méjì, aláìsàn náà lè ṣubú kó má dìde mọ́.

*KÌ Í ṢE GBOGBO OHUN TÓ JỌ WÈRÈ NI WÈRÈ*

Èyí ló ń dùn mí jù. Ibà tó bá wọ ọpọlọ lè mú kí èèyàn máa sọ ìsọkúsọ. Ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ lójijì lè mú kí bàbá àgbàlagbà máa ja ọmọ rẹ̀ níjà. Àkóràn nínú ẹ̀jẹ̀, orí tó fara gbá, ọtí tí ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, gbogbo wọn lè jọ wèrè. Àyẹ̀wò ló máa fi ìyàtọ̀ hàn. Ta ló ń gba ẹ̀jẹ̀ wò nílé tí wọ́n ti ń so èèyàn mọ́ ògiri? Ẹni tí ìtọ́jú ibà ìbá gbà là láàárín ọjọ́ mélòó kan á kú sórí irin.

Ìyá tó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí kò sùn mọ́, tó ń sọ kántankàntan, tí kò fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ sójú, abísínwín ni à ń pè é. Ó wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbọ́ ìtọ́jú dáadáa. Ṣùgbọ́n pàjáwìrì ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, torí ẹ̀mí ìyá wà nínú ewu, ẹ̀mí ọmọ náà wà níbẹ̀. Ẹ wá gbé ìyá náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ fún un, wàrà kún ọmú rẹ̀, ọmọ ń ké nílé.

Oníwàrápá náà wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni wàrápá kì í ṣe wèrè rárá. Bí wọ́n bá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, gìrì lè máa tẹ̀ lé gìrì títí ẹ̀mí á fi bọ́.

*ÀWÍJÀRE MẸ́RIN TÍ MO MÁA Ń GBỌ́*

*"Bí a ò bá dè é, á lu èèyàn, á sì sá lọ."* Ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe kì í lu ẹnikẹ́ni, àwọn gan-an ni aráyé ń lù. Òótọ́ ni pé ara ẹlòmíràn máa ń gbóná. Iṣẹ́ wa ni láti mú irú wọn rọlẹ̀. A ó lé èrò kúrò, a ó kó ọ̀bẹ àti igi kúrò nílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá di dandan ká dì í mú, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí a ó fi fún un lóògùn ni, ẹnì kan á sì wà nítòsí tí yóò máa wo bó ṣe ń mí. Ẹni tó ń kọ oògùn tàbí tó ń gbàgbé rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà tí à ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má fi ìdìmú ìṣẹ́jú mélòó kan wé ṣẹkẹṣẹkẹ oṣù mẹ́fà.

*"Ilé ìwòsàn ti wọ́n jù."* Mi ò ní jiyàn. Nígbà tí ìwádìí ọdún 2019 yẹn jáde, nǹkan bí 300 dókítà ọpọlọ ló wà fún nǹkan bí 200 mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti fò lọ sókè òkun. Ìtìjú ìjọba nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. Ẹ ṣírò owó tí ẹ ti san fún onílé láti oṣù tó ti pẹ́, owó àkànṣe àdúrà, owó ẹbọ, owó òróró, owó oúnjẹ tí aláìsàn ò jẹ. Ẹ wá béèrè iye tí oògùn oṣù kan jẹ́ lọ́wọ́ oníṣègùn tó kọ́ṣẹ́. Èsì náà lè yà yín lẹ́nu.

*"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kì í ṣe ti dókítà."* Ẹ jẹ́ ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọn ò ti ilé wòlíì pa, wọn ò lé baba oníṣègùn. Ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé máa lọ bá aláìsàn nínú ilé wòlíì àti ilé oníṣègùn níbi tó wà, kí wọ́n máa fún un lóògùn, kí onílé sì máa bá àdúrà àti ètùtù tirẹ̀ lọ. Aláìsàn 307 ló wà nínú ìwádìí náà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tọ́jú yá ju ara àwọn yòókù lọ. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ló gbé e jáde lọ́dún 2020. Nítorí náà, ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin baba wa oníṣègùn, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ pa iṣẹ́ yín tì. Ẹ ṣílẹ̀kùn nìkan la ní. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá dájú, kí ló fẹ́ fi nọ́ọ̀sì ṣe tí yóò fi máa sá fún un?

*"Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."* Àwọn baba wo? N'Ifẹ̀ níbí, ilé Ọbàtálá, abuké, arọ àti afín, ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n. Èèwọ̀ ni kéèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣà wa mọ bí a ṣe ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ níyì. Bẹ́ẹ̀ ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe fi ìṣe Yorùbá kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1954, ní Àrò, ó bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ ọ́, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn. Ìbátan kan ló ń tẹ̀ lé aláìsàn wá, òun ló ń se oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń mú un lọ gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́, aláìsàn á padà sáàárín èèyàn. Lambo gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn dókítà láti òkè òkun wá wo ohun tó ń ṣe, nígbà tó yá òun fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Bí ẹ bá ń wá ohun tí baba ṣe, ti Lambo náà wà ńlẹ̀.

*KÍ Ẹ TÓ FI ÈÈYÀN YÍN SÍBẸ̀, Ẹ BÉÈRÈ NǸKAN MÉJE YÌÍ*

Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ á wo kíláàsì, á wo ṣáláńgá. Ẹ má ṣe kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀.

1. *Níbo ló máa sùn?* Ẹ má gba àga ní pálọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé yàrá náà. Ẹ wo ilẹ̀, ẹ wo ògiri bóyá òrùka irin wà lára rẹ̀, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

2. *Ta ló ń tọ́jú wọn?* Ẹ béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó ń wá, àti ọjọ́ tó ń wá. Aṣọ funfun kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

3. *Oògùn wo ni, mélòó ni?* Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní káàdì tí wọ́n ń kọ oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwọ̀n ara rẹ̀ sí. Ilé tí kò bá ní káàdì ò mọ ohun tó ń ṣe.

4. *Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá obìnrin lóru?* Bí wọ́n bá ní ọkùnrin ni, ẹ gbé ọmọ yín, ẹ máa lọ sílé. Mi ò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

5. *Kí ni wọ́n jẹ lónìí?* Ẹ lọ lọ́sàn-án, kí ẹ wo ìkòkò. Ẹ wo omi tí wọ́n ń mu.

6. *Ṣé mo lè wá nígbàkigbà?* Ilé tó bá ní kí ẹ má yọjú fún oṣù mẹ́ta ní ohun tó ń fi pa mọ́. Bí ẹ bá dé, ẹ bá èèyàn yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn onílé. Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ká aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

7. *Ìgbà wo ló máa wálé?* Ilé ìtọ́jú gidi máa ń sọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í jáde, kí ni wọ́n ń wò sàn níbẹ̀?

Bí ìdáhùn mẹ́ta nínú méje yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fi í síbẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ lọ gbé e lónìí. Níbí n'Ifẹ̀, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní OAUTHC, ó sì wà ní Wesley Guild n'Iléṣà. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀.

*Ẹ̀YIN ALÁṢẸ, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN*

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ. Òfin tó rọ́pò, gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916, láyé ìjọba amúnisìn, orúkọ tó sì ń pe aláìsàn kò ju "asínwín" lọ. Òfin tuntun gbà pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti iyì. Ó dára. Àmọ́ òfin tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kì í tú ṣẹkẹṣẹkẹ. Ìlú ni wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀, ìlú ló sì yẹ kí òfin náà dé.

Ohun tí à ń béèrè ò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ orúkọ gbogbo ilé tó ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Kí nọ́ọ̀sì láti ilé ìlera alábọ́ọ́dé máa wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóṣooṣù, láìròyìn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Ilé tó bá gbà á wọlé, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ níṣẹ́, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ilé tó bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí wọ́n tì í pa, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti ní ibi tí wọ́n ó kó àwọn aláìsàn náà lọ. Ẹ má kó wọn jáde nítorí fọ́tò, kí ẹ wá tú wọn sójú títì. Kí àwọn olóyè àdúgbò, àwọn olórí ìjọ àti àwọn lémọ́mù sọ ọ́ láàárín èèyàn wọn pé irin ò sí nínú ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n kó tó di pé ìjọba dìde, agbára kan wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó. Lọ́jọ́ tí ẹbí mẹ́wàá bá dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sọ pé, "A fẹ́ wọlé, a fẹ́ rí i, nọ́ọ̀sì wà pẹ̀lú wa," onílé á wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rí.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo ti sọ tèmi. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ yín, ẹgbẹ́ àdúgbò, àti ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ní pàtàkì, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó ń sọ pé èèyàn wọn rìnrìn àjò.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín,
Ilé-Ifẹ̀.